Wárántì Tí Mo Fi Du Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Kò sí irọ́ tí oníbàárà kò lè pa. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ta kámẹ́rà nítòsí Kofar Marke nílẹ̀ Hausa níbí, wọn ò tíì gbé ọ̀kan padà wá tó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á rí. Èyí tí omi ń kán nínú ẹ̀ gan-an, kò débi omi rí. Gbogbo ẹ̀ ṣáà ń bàjẹ́ fúnra ẹ̀ ni. Fúnra ẹ̀! Àwọn tó ń kàwé ló tún burú jù, wọ́n á fi gírámà bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan láti yunifásítì gbé dúróònù, kámẹ́rà tó ń fò, tó rà lọ́wọ́ mi padà wá lọ́jọ́ karùn-ún, mo ti dá ẹjọ́ ẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ kí mi tán.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo àwòrán tó ń yà ló ń gbọ̀n."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Apá kékeré tó di kámẹ́rà mú nímú dúróònù kí àwòrán má baà máa mì, èyí tí à ń pè ní gímbàlì, ti rọ jọwọrọ. Ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ ti jó.

"O já a mọ́lẹ̀," mo ní.

"Rárá o, Àlájì. Bí mo ṣe gbé e délé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"A jẹ́ pé o tàn án láìyọ ike ojú ẹ̀ nìyẹn." Ike kan wà tí wọ́n fi ń de apá yẹn mọ́lẹ̀ látilé iṣẹ́. Béèyàn ò bá yọ ọ́ kó tó tàn án, ẹ́ńjìnnì á máa bá a jà títí á fi jó. "Ọ̀dẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wárántì oṣù mẹ́fà tí mo fún ọ ò sì bo ọ̀dẹ̀."

Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo tún un sọ lédè Hausa fún ọkùnrin tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún òun tó kẹ́yìn níléèwé nìyí, omi tó bo oko ìrẹsì létí odò lòun fẹ́ yà látòkè fún iṣẹ́ ìwádìí òun. "Omi ọ̀hún ò ní dúró dè mí, Àlájì. Tó bá fà, ó di àmọ́dún."

"Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni?"

"Ẹ jẹ́ n fi fídíò ọjọ́ tí mo rà á hàn yín. Mo ká a sílẹ̀ kí bàbá mi lè rí i ni."

"Haba! Ṣé sinimá ni mo wá wò ní ṣọ́ọ̀bù? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkúnlẹ̀ ẹ̀ pàápàá ń rí mi lára, ẹ̀tàn ni mo kà á sí. Nígbà tó yá, ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mi ò ṣí i. Kò wá mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé ẹ̀rí ọkàn ti mú un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òjò ti dá, àwọn ọkùnrin méjì tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó wá ra bátìrì. Ọ̀rọ̀ oníbàárà la ń sọ tí a ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ wá wo ọmọ ọ̀dẹ̀ kan." Mo ṣí fídíò náà níwájú wọn.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ládánì ń pèrun. Ọwọ́ mi ló yọ dúróònù nínú páálí, ọwọ́ mi náà ló tàn án, pẹ̀lú ike lójú ẹ̀ gbagidi. Ẹ ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kùn. Ohùn ọmọ náà ní, "Àlájì, ṣé a ò ní kọ́kọ́ yọ ike yìí ni?" Ohùn mi dáhùn, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Gbé e, ìrun ń lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wúkọ́. Wọ́n gba bátìrì wọn, wọ́n jáde, wọn ò ná an.

Kí n má purọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi, pé ọmọ kékeré yẹn jàre mi. Lẹ́yìn náà ni ojú wá gbà mí tì. Mo gbé tuntun lórí pẹpẹ, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ bá a níléèwé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ó tún kúnlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ dán an wò létí odò, ó sì tẹ̀ lé mi.

Òun fúnra ẹ̀ ló yọ ike náà. Dúróònù gbéra, a jọ ń wo ojú fóònù ẹ̀. Àwòrán náà ò gbọ̀n rárá. Omi ti fà lórí oko ìrẹsì. Ẹrẹ̀ tó ti gbẹ tó sì ti sán la rí, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń kọ ebè àlùbọ́sà sórí ẹ̀.

"Ó ṣiṣẹ́, Àlájì," ó ní. "Ẹ ṣeun." Ó sì sọ̀ dúróònù náà kalẹ̀.