Gílóòbù Tí Kò Kan Wáyà

Ní Agbowó, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá tú tẹlifíṣàn tó ti bàjẹ́, ó fi ṣe ẹ̀rọ tí iná ń ta pá-pá-pá lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé gílóòbù gígùn sún mọ́ ọn; gílóòbù tàn láìkan wáyà.

“Ṣé o rí i? Ìta wáyà ni agbára iná ń gbà, kì í ṣe inú rẹ̀.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n! Lọ gé wáyà láńlọ́ọ̀dù dànù nígbà náà.”

Ká tó parí iyàn, wọ́n mú iná lọ. Mo ní èmi ni mo borí.

Kánádà ló wà báyìí. Lánàá, mo tan ẹ̀rọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún mi, gílóòbù tàn lọ́wọ́ mi. Mo pè é, mo ní òun ló jàre iyàn wa ìjọ́sí.

“Iyàn wo?”

Mo béèrè bóyá òtútù ń mú lọ́dọ̀ wọn.