Níbo Ni Ìyá Mi Yóò Ti Sinmi?

Ọ̀gá òyìnbó tí bàbá mi ń bá kọ̀wé ló kó bá wa. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ìsinmi dé, á máa ròyìn bí òun àti ìyàwó òun àti àwọn ọmọ wọn ṣe lọ gbé létí òkun nílùú wọn, láti lọ gba atẹ́gùn. Bàbá mi gbọ́ ọ, ó gbé e mì lódindi. Ó délé wa ní Yábàá, ó ní àwa náà yóò lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ á rò pé a ò ní atẹ́gùn ní Yábàá, àfi èyí tí a bá yá lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ìyá mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní tòótọ́. Ibà ti dá a wó fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sì dìde, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, bó bá gbé garawa omi, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n. Dókítà ní kó sinmi, kó má ṣe iṣẹ́ kankan, torí bí àìsàn náà bá tún padà, kò dá òun lójú pé yóò dìde mọ́.

Ó wá ku ibi tí a ó dé sí. Ilé ìsinmi kan wà lẹ́bàá omi, ṣùgbọ́n ti àwọn òyìnbó ni, wọn kì í gba ẹni dúdú síbẹ̀ àfi ẹni tó bá gbé àwo oúnjẹ. Bàbá mi lọ wò ó láti òkèèrè, ó padà dé, ó ní òun ò fẹ́ràn ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri rẹ̀.

"A ṣáà nílé ní Èkó," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Bàbá wọn, ẹ ṣàánú mi," ni ìyá mi dáhùn. "Ìyàwó wo lẹ rí tó sinmi rí nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀?"

Òótọ́ ni. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí nínú agbo ilé yẹn kí ìyá mi tó wọlé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ wọn. Ọ̀kan wà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tí ìyá mi ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ kò mọ ìwé kankan kà. "Ìyàwó, bá mi bu omi ìwẹ̀" ni ọkọ yìí fi ń kí i láàárọ̀.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, bàbá mi gbà. Ó bá apẹja kan létí òkun sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà sì fi ilé onímọ̀ ọ̀pẹ kan tó dojú kọ omi háyà fún wa. Ìyá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí a ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ta ní lè ṣe nǹkan nílẹ̀ wa kó má lọ wí fún ẹ̀gbọ́n? "Kò ní dáa kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ará ìta," bàbá mi wí. Ó mú mi dání, a sọdá afárá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ká lọ fi ẹnu ara wa sọ pé a ó gba Èkó kọjá lọ sétí òkun, a kò sì ní dé sọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin tó kàwé ju gbogbo ìdílé rẹ̀ lọ!

"Ṣé mo ti kú ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í. Obì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì.

"Ẹ ò ní kú, Ẹ̀gbọ́n mi. Atẹ́gùn òkun ni dókítà ní kó lọ gbà."

"Ta ló sọ fún dókítà yín pé atẹ́gùn kì í dé Ìsàlẹ̀ Èkó? Àbí a tì í mọ́ta ni? Káyé gbọ́ pé ọmọ bàbá mi lọ sùn ní ahéré apẹja, tí mo wà láyé, tí mo nílé!" Ó jẹ obì rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa, dìde. Bí ẹ ò bá lè wá bá mi, màá wá bá yín. Gbogbo wa la jọ ń lọ. Ìyàwó ló kúkú mọ ọbẹ̀ ẹja sè jù, etí òkun lẹja sì wà."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi," bàbá mi wí. Ó tún dúpẹ́!

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, wọn ò dúró dè wá ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n ní a lè yọ́ kọjá, òun yóò wá mú ìyàwó òun fúnra òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ìkòkò àti ọlọ ata láti Èkó wá sí Yábàá, kí a lè tún gbé wọn gba Èkó padà lọ sétí òkun. Akọ̀wé ń bẹ níwájú wọn, kò gbé nǹkan kan.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ó wo ọlọ náà.

"Ó mà ṣe o, Ìyá mi," ó wí fún Ẹ̀gbọ́n. "Mi ò ní lè lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ta ni yóò ṣọ́ ilé ọkọ mi? Olè pọ̀ ní Yábàá báyìí. Bí wọ́n bá kó ẹrù àbúrò yín lọ, ṣebí ìyàwó ni wọn ó bi."

Ẹ̀gbọ́n wá ẹ̀sùn sí i. Kò rí ibi tó lè gbà mú un, torí òun gan-an ló ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé ìyàwó gidi kì í fi ilé ọkọ sílẹ̀ ní òfìfo. "Ìyàwó rere," ó wí níkẹyìn, bí ẹni gbé egbòogi mì.

"Ṣùgbọ́n ìwọ ni dókítà ní kó gba atẹ́gùn!" bàbá mi ké.

"Ẹ bá mi gba tèmi bọ̀, Bàbá wọn."

Èmi, àkọ́bí obìnrin, ni mo wá lọ ata létí òkun. Iyanrìn wọ ata, ó wọ ọbẹ̀, ó wọ eyín. Akọ̀wé ní ọbẹ̀ ìyàwó dùn ju èyí lọ. Ẹ̀gbọ́n ráhùn pé atẹ́gùn náà ti pọ̀ jù, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi ń rìn sókè sódò létí omi, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Nígbà tí a padà dé Yábàá, a bá ìyá mi lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, lọ́sàn-án gangan, ó ń sùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún padà. Ilé kò rí ìgbálẹ̀, ìkòkò sì wà ní dídojúdé bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ewé ẹ̀kọ tó ń rà jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi dúró tẹrù-tẹrù lórí rẹ̀, ó ń wúkọ́ kó lè gbọ́. Kò gbọ́. Tàbí ó gbọ́, ó kàn yí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Ni bàbá mi bá sọ ẹrù náà kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ wá ìgbálẹ̀.