Mi Ò Kágò Kí N Tó Ṣí I

Ẹ má rò pé mo fẹ́ pa àlọ́ fún yín. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á.

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 1988. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ Dúpẹ́ lẹ́yìn ògiri, èyí tó tóbi jù sì wà lábẹ́ tábìlì ọ̀gá. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Inú ti ọ̀gá yẹn ni gbogbo fáìlì ń gbé, èmi àti Dúpẹ́ jọ ń lò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni méjì kì í wọ fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ti ṣí i, ẹ̀rọ á tì í mọ́ ẹnì kejì, á sì kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ síwájú rẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jọ ń kọ ọ́, ti ẹni tó tọ́jú tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbẹ̀yìn á pa ti ẹnì kejì rẹ́.

Ìyẹn la ṣe ń kágò. Bí mo bá fẹ́ wọ fáìlì, mo máa gbá ògiri: "Àgò o!"

Bí Dúpẹ́ bá ti jáde nínú rẹ̀, á ní, "Àgò yà!" Bí kò bá tíì parí, á ní, "Ó kù díẹ̀, Àlàájì kékeré."

Mi ò dé Mẹ́kà rí o! Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí láti Ọjọ́rú ni mo ti ń lọ aṣọ Jímọ̀ sílẹ̀. Èmi náà á ní, "Má pẹ́ o, ẹlẹ́sẹ̀ lásán." Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, á bọ́ bàtà kó tó tẹ orin ìjọ.

Orin tó ń tẹ̀ gbẹ̀yìn nínú ìwé orin tí ìjọ rẹ̀ gbé wá fún wa, ti ìyá rẹ̀ ni. Màmá gbà á lójú ìran, wọ́n kọ ọ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dúpẹ́ nìkan ló sì gbọ́ ọ. Wọn ò mọ̀wé. Nígbà tó yá, ẹsẹ kìíní nìkan ni wọ́n rántí mọ́. Dúpẹ́ ló kù tí orin náà wà lórí rẹ̀.

Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo sì pè é síbi ìsọmọlórúkọ. Èmi ni mo pè é. Ó wá, ó gbé ọmọ jó. Ọkọ̀ tó gbé e padà kò dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ ṣí fáìlì orin náà. Ẹ̀rọ kò gbà. Ó ní ẹnì kan wà nínú rẹ̀: DUPE.

Mo lọ wo yàrá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, a ti yọ wáyà rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀.

Mo ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Àmọ́ ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rọ a máa sọ bí fáìlì kan ṣe tóbi tó, bó ò tiẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Eléyìí ń tóbi sí i lójoojúmọ́. Ẹnì kan ń kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo dúró ti ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí, ọkàn mi sì tún ń fà sí i. Mo gbá a jẹ́jẹ́. "Àgò o."

Mo gbọ́ bí títẹ̀ ṣe dákẹ́ lódìkejì ògiri. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti ń dún tẹ́lẹ̀.

Ohùn kan dáhùn, wúyẹ́wúyẹ́: "Ó kù díẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ti Jímọ̀ dé, ọ̀gá ti wà lórí ìjókòó mi. Ọjọ́ Àìkú ni ìjọ fẹ́ ya ìwé orin náà sí mímọ́.

"Fáìlì kan ṣoṣo ló dá wa dúró. Ta ló tì í?"

"Dúpẹ́ ni, sà. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀."

Ọ̀gá ní, "Òkú ló wá ń bá wa ṣe ófátáìmù? Àfáà, lọ fomi bọ́jú. Pa ẹ̀rọ ńlá yẹn, kó o tún un tàn. Títì yẹn á já."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kágò, sà."

"Kágò fún irin?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí. Mi ò kágò. Mo pa á.

Nígbà tó tún tàn, fáìlì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹsẹ kìíní orin wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Ojú ìwé ń kọjá, ó ń kọjá, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìlà kan ṣoṣo wà:

Àlàájì kékeré, o ò kágò.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jáde, kò mú fìlà.

Ìyá Dúpẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé. "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí orin mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ka ẹsẹ kìíní yẹn fún wọn láti ilẹ̀.

Wọ́n dúró kí n máa bá a lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n."

Mo ṣì ń gbá ògiri yẹn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí ẹ bá bá ohun tí ẹlòmíràn tì pa, bó wù kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín tó, ẹ kágò. Bí ẹ bá sì gbọ́ "ó kù díẹ̀", ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró.