Ìwé Tí Kìtán Akínsànyà Kò Fọwọ́ Sí

Ní ọdún 1988, nígbà tí búrẹ́dì di oúnjẹ ọdún, tí owó ìfẹ̀yìntì sì ń dé nígbà tí ó bá wu àwọn tí ń san án, Kìtán Akínsànyà ṣì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò rẹ̀ kí ó tó jáde. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní Àkúrẹ́, àdúgbò Ìsìkàn níbẹ̀ ló sì kọ́lé sí. Àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà kì í fi lẹ́tà sílẹ̀ láìtún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdílé Jagun Akínmúrelé, akọni tí tọmọdé tàgbà mọ ìtàn rẹ̀ ní Oǹdó, ni ìdílé Kìtán. Oyè Jagun ṣófo ní ọdún náà. Ni agbaṣẹ́ṣe kan ní Àkúrẹ́, Olúwọlé, bá dìde pé ọmọ ọmọ Jagun ni òun, pé Àkúrẹ́ ni Jagun bí bàbá òun sí nígbà tí ó bínú kúrò nílùú. Àpò ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agboolé. Kí oṣù kan tó pé, àwọn àgbà tí kò mọ Olúwọlé rí ti ń sọ pé imú Jagun ló gbé wáyé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rí imú Jagun.

Kìtán ni ìwé ìran ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí ó sì fọwọ́ síwèé pé ọmọ ilé ni Olúwọlé. Olúwọlé tọ̀ ọ́ wá sí Ìsìkàn.

"Bàbá Ayọ̀, mo gbọ́ pé Ayọ̀kúnlé ti parí yunifásítì láti ọdún mẹ́ta, kò ríṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba."

"Ta ló bí bàbá rẹ?"

"Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu opó rẹ̀ ní Sátidé."

Ní Sátidé, Kìtán àti Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí ìpàdé ẹbí ní Oǹdó. Opó náà, arúgbó kan tí ń jẹ́ Olúrántí, wọ aṣọ tuntun, ó sì ń fi etí aṣọ nu ojú tí kò tutù.

"Akínmúrelé ni bàbá ọkọ mi," ó ní. "Akínmúrelé fẹ́ràn ọkọ mi. Ọkọ mi ló sọ fún mi bí Akínmúrelé ṣe wó odi ọ̀tá."

Wúràọlá tẹ̀ sí etí ọkọ rẹ̀. "Ogójì ọdún rè é tí mo ti wọlé yín. Ẹ ti gbọ́ orúkọ bàbá yín lẹ́nu mi rí?"

"Rárá."

"Àbúrò yín tí mo bá nílé ńkọ́? Eyínfúnjowó ni mò ń pè é títí ó fi kú. Ìyàwó ilé wo ló ń pe bàbá ọkọ bí ẹni ń pe ewúrẹ́?"

Kìtán dìde. "Ìyá, àwọn ọmọ tí ẹ bá nílé ọkọ, kí ni ẹ ń pè wọ́n?"

Arúgbó náà wojú Olúwọlé. "Orúkọ wọn ni."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn obìnrin ilé. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni ọ̀kan wí, "wọn ò tíì kọ́ ọ dé ibẹ̀."

Bọ́láwálé, olórí ẹbí, wúkọ́. "Kìtán, ebi ń pa ilé."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń pa èmi náà. Obìnrin yìí kò ṣe ìyàwó nílé yìí rí. Ẹ̀yin náà sì mọ̀."

"Ọmọ rẹ ńkọ́?"

Kìtán fi bírò lélẹ̀ lórí ìwé náà láìfọwọ́ sí i, ó sì pe Wúràọlá kí àwọn máa lọ.

Àwọn yòókù tẹ̀ka. Ní oṣù Kejìlá, Olúwọlé jẹ Jagun. Àwọn obìnrin tí wọ́n fi Olúrántí ṣẹ̀sín ni wọ́n jó ṣáájú Olúwọlé wọ̀lú, àwọn àgbà tí irun ti funfun lórí wọn sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kò bá wọn tan. Ìríra ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára èmi tí mo wà níbẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ebi a máa pa èèyàn, ṣùgbọ́n a kì í pààrọ̀ òkú ẹni fún ìrẹsì.

Ayọ̀kúnlé kò rí iṣẹ́ ìjọba náà. Ó gba ilẹ̀ ní Ìlú-Àbọ̀, nítòsí Àkúrẹ́, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ má wò ó."

Kìtán ní kí ó mú ọwọ́ wá. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ tí ọkọ́ ti bó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń bá a kó igi ẹ̀gẹ́ jọ.