Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Pé Mo Ti Kà

Oṣù kẹta mi rèé ní ọ́fíìsì ọ̀gá mi ní Ìsọlọ̀, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà. Bí a ṣe ń kọ ìwé àdéhùn níbẹ̀ rọrùn: ìwé àtijọ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, à ń pààrọ̀ orúkọ, àdírẹ́sì àti déètì, a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo bi ọ̀gá mi nígbà kan bóyá ó yẹ kí n kọ́kọ́ kà á tán. Ó ní, "Ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdírì, kí lo tún fẹ́ kà níbẹ̀?" Mo ro ọ̀rọ̀ náà, mo sì gbà pé ó mọ́gbọ́n dání. Ìwé tí kò dá wàhálà sílẹ̀ rí lè jẹ́ ìwé tó dára. Mi ò rò ó pé ó sì lè jẹ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́ta ya òdòdó sára aṣọ ní ọjà Aswani wá fọwọ́ sí ìwé ṣọ́ọ̀bù tuntun tó fẹ́ gbà. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé a ti kà á fún un ní Yorùbá, ó sì yé e. Gbólóhùn yẹn ti wà nínú ìwé àtijọ́ náà. Mo fi orúkọ mi sí i, mo sì ti fọwọ́ sí i kó tó dé, kí iṣẹ́ lè yá.

"Lọ́yà mi, kí lo fọwọ́ sí níbí?"

"Pé mo ti ka ìwé náà fún yín, mà."

"Nígbà wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé orí tábìlì.

"Àbí ojú oorun lo ti kà á fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sún àga mọ́ tábìlì. "Ó dáa, kà á. Mo ti jókòó."

Èèyàn lè ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà láìmọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ ọ́ fún un, mo ní láti mọ ẹni tó ń gba kí ni lọ́wọ́ ta ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé abala kẹsàn-án: ohunkóhun tí ayálégbé bá kàn mọ́lẹ̀ di ti onílé lọ́jọ́ tó bá kó jáde. Ohùn mi dá dúró láàárín gbólóhùn náà.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Irin la fi ń kan ẹ̀rọ mi mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fò káàkiri ni. Ṣé kí n wá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún bàbá onílé tí mo bá ń lọ?"

"Ohun tí ìwé sọ nìyẹn, mà."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Òótọ́ ni pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ìdáhùn mi di irọ́.

Ọ̀gá mi gbọ́ ohùn wa, ó jáde wá láti yàrá rẹ̀. Ó ka abala náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Látìgbà wo ni èyí ti wà níbí?" Èmi ló ń bi! Ó pe onílé, ó sì gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Èmi ò béèrè irú ẹ̀," ni onílé wí. Mo mí kanlẹ̀. Ló bá tún ní, "Ṣùgbọ́n tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ó wà."

Ẹnu yà mí débi pé mo wo ojú ọ̀gá mi. Ẹnu ya òun náà.

Obìnrin náà sún mọ́ fóònù. "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun ni. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa gba ṣọ́ọ̀bù yín." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ah-ah! Ṣé a ò lè ṣeré ni? Ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ jàre!" ni onílé pariwo nínú fóònù.

Mo yọ ọ́, mo tẹ òmíràn jáde, mo na bírò sí i. Kò gbà á.

"Bẹ̀rẹ̀ látòkè," ó ní. "Ta ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí o kà dé?"

Èmi náà ò mọ̀. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀gá mi fa àga, ó jókòó tì wá, ó ń gbọ́.