Òyìnbó Inú Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kì í Dáhùn

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n fi kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, èmi ni wọ́n sì fìyà jẹ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ò kọ́ mi tán.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Savalou. Mo ti jáde yunifásítì, mo sì lè dijú lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn ọ̀gá wa ní Kútọnu wá fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́. Wọn ò rán olùkọ́ tẹ̀ lé e, kásẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n gbé lé e lórí. Wọ́n ṣeun. Wọ́n tilẹ̀ rántí láti má fi ẹ̀rọ tí a ó fi wo kásẹ́ẹ̀tì kún un.

Ní Bantè tí mò ń gbé, ilé oníṣòwò aṣọ kan ni fídíò wà ládùúgbò wa. Bátìrì mọ́tò ló fi ń lò ó. Lẹ́yìn ìrun alásárì, ìyá rẹ̀, Àlájà, á jókòó tì mí.

Òyìnbó onítáì kan yọ jáde. "Bọ̀nzúù!"

"Bọ̀nzúù o, ọkọ mi," ni Àlájà dáhùn. "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Òyìnbó ò dáhùn. Ó ń sọ bí inú òun ṣe dùn tó láti wà pẹ̀lú wa, ó sọ ibi tó ti kàwé, ó sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe délé ayé. Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ kí n lè fò ó kọjá. Àlájà gbá mi lọ́wọ́.

"Èèyàn ń kí ọ, o fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu? Ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

Ta ní í bá onílé jiyàn? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti ní kí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "A ò tíì kíra lónìí." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kíra nírọ̀lẹ́ gbogbo. Nígbà tí òyìnbó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ní, "Ẹ tẹ ibí." Èmi á ní, "Níbo?" Ó ti kọjá lọ. Kó tó jìnnà, bátìrì á rẹ̀, àwòrán á sún kì, ohùn á lọ.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Àlájà á wí. "Jẹ́ kó lọ sinmi."

Ìparí kásẹ́ẹ̀tì tí a ò dé rí ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ohun tí mo bá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀, orí ìwé ló ń wà.

Mo fi kọ̀ǹpútà náà tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé ìwé wa, títí kan ti Tchetti, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iná lọ. Nígbà tó padà dé, kọ̀ǹpútà ń wò mí bí ẹni tí a ò pàdé rí. Ìdánwò yẹ̀.

Ọ̀gá wa pè mí. "Màdáàmù, ṣé ẹ ò wo kásẹ́ẹ̀tì ni?"

"Mo wò ó, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n..."

"Ẹ wò ó, ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. A jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Ọgbọ́n ńlá! Wọ́n gba ipò mi, wọ́n ní kí n lọ máa ṣe akọ̀wé ilé ìwé kan ní Lougba, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà "a" rẹ̀ ti ṣẹ́ dá mi lọ́lá. Nígbà tí mò ń di ẹrù, Àlájà wá kí mi.

"Olùkọ́ rẹ ńkọ́?" ló bi mí. "Wọ́n ti pe òun náà wá rojọ́?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá fún ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Kútọnu. Ta ló ni ìpín olùkọ́ nínú ẹjọ́ yìí? Èwo nínú yín ló wo kásẹ́ẹ̀tì náà dé ìparí kó tó fi ránṣẹ́? Nígbà tí mò ń ké "Níbo?", ta ló yẹ kó dá mi lóhùn? Ẹ fèsì, kí ẹni tó ń fèsì sì wá fúnra rẹ̀. Ẹ má tún fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.