Ọjọ́ Tí Wùmí Di Ìjánu Mú

Kò sí ohun tó ń ba Wùmí lẹ́rù láyé yìí bí ẹṣin. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní kékeré, lọ́jọ́ ọdún Iléyá kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tó tẹ̀lé ọba jáde tì í mọ́ ògiri, ó sì fún un mọ́bẹ̀ títí mímí fi dogun. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbóòórùn ẹṣin, á yà gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tó bá a ní ìlú oníìlú. Al Qusais, nílẹ̀ Lárúbáwá, la jọ ń gbé nígbà náà, bedspace tiẹ̀, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì tó háyà nínú yàrá wa, ló wà lókè tèmi. Visa rẹ̀ ti ń parí lọ nígbà tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sharjah sọ fún un pé oko ẹṣin kan ń wá ẹni tí yóò máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Oko náà wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju ilé lọ. Igbó igi ghaf ló yí i ká, igi tí ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ sì dorí kodò, ṣùgbọ́n igbó tí kò dí ni: ibi tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ ó máa rí ràkúnmí láàárín igi lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n la ọ̀nà sínú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, kí àwọn àlejò lè gùn ún yí igbó ká.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ máa já," Wùmí sọ fún mi. "Kí ló máa pa èmi àti ẹṣin pọ̀?"

Kò pẹ́ rárá tí ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fi padà sí ìlú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, obìnrin ará Lẹ́bánónì kan tó ń jẹ́ Madam Rima, pe Wùmí, ó ní, "Láti ọ̀la lọ, ìwọ lo máa bá Chacha jáde. Khalas, ó parí."

Gulzar ni orúkọ Chacha, bàbá ará Pakistan tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà. Chacha ni gbogbo wọn ń pè é, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá ẹni. Iṣẹ́ Wùmí ni pé kó ran àlejò lọ́wọ́ gun kẹ̀kẹ́, kó pín omi fún wọn, kó sì dúró sórí pákó tó wà lẹ́yìn. Marjan ni wọ́n ń pe ẹṣin náà, abo ẹṣin funfun tí èjìká rẹ̀ ga ju orí Wùmí lọ. Chacha tètè rí i pé ẹ̀rù ń ba ọmọbìnrin yìí, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láràárọ̀, á rọra dúró sáàárín Wùmí àti ẹṣin títí Wùmí fi máa gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, Adébùsọ́lá, ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Al Taawun ní Sharjah, mú ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti Abẹ́òkúta wá síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," Wùmí kí wọn.

"Háà! Ọmọ wa nìyí!" Inú màmá dùn. Màmá wo Marjan látòkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ẹranko yìí kì í ta èèyàn nípàá?"

"Rárá o, mà. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe." Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ ń bi Ọlọ́run lójoojúmọ́ nìyẹn.

Wọ́n gbéra. Àárín igbó ni wọ́n wà nígbà tí orin tí Chacha ń kọ lábẹ́nu dáwọ́ dúró. Wùmí rí i tó fi ọwọ́ kan di àyà rẹ̀ mú, tó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀.

"Chacha? Chacha!"

Ìjánu yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gun òkè iyanrìn bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Marjan ta gìrì, ó sì fi eré sí i.

Ó kúrò lójú ọ̀nà, ó gba àárín igi. Màmá ń pe Jésù. Adébùsọ́lá na ara síwájú, ó di aṣọ Chacha mú lẹ́yìn kó má baà ré lulẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ha ara igi kan, èèpo igi fò lọ. Wùmí di irin ẹ̀yìn mú, ó dijú. Ó sọ fún mi pé òun ò tiẹ̀ gbàdúrà.

Iyanrìn rírọ̀ ló gbà wọ́n. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rì, ẹṣin fà á títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń hó lọ́rùn rẹ̀.

Chacha ṣì ń mí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. Wùmí pe Madam Rima lórí fóònù.

"Ambúláǹsì ò lè wọ inú iyanrìn," ni Madam wí. "Ẹ gbé e wá sójú ọ̀nà, wọ́n á pàdé yín níbẹ̀."

"Ta ló máa darí ẹṣin?"

"Ta ló tún wà níbẹ̀? Yalla, ṣe kíá, Wùmí! Ọkùnrin yẹn ń kú lọ."

Wọ́n gbìyànjú láti gbé bàbá náà. Kò ṣeé gbé. Adébùsọ́lá, tó ṣì di bàbá náà mú kó má baà ṣubú, wo Wùmí lójú. "Aunty, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń darí ẹṣin?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìjánu wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin, àfi kó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó sì jókòó sínú iyanrìn, ó bú sẹ́kún.

"Ọmọ mi," màmá pè é látorí kẹ̀kẹ́. "Bẹ́rù bá ń bà ọ́, jẹ́ kó máa bà ọ́ lọ. Dìde."

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìjánu, ó sì di awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹṣin mú bó ṣe máa ń rí Chacha ṣe é. Èémí gbígbóná fẹ́ sí i lọ́wọ́. Ẹnu Wùmí ṣí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹṣin bí ẹni ń bẹ ìyá ọkọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kẹ̀kẹ́ ò mira. Màmá, tí orúnkún ń dùn, rọra sọ̀ kalẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ìgbà náà ni Marjan fà á yọ.

Ojú ipa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbà wá ni Wùmí ń tẹ̀ lé padà, màmá di irin ẹ̀yìn mú, ó ń tọ̀ wọ́n bọ̀. Bí ẹṣin bá ju orí, gbogbo ara Wùmí á le gbagidi. Ibì kan wà tí Marjan tẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó kígbe, àmọ́ kò jọ̀wọ́ ìjánu, nítorí ó rò pé bí òun bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹṣin á tún sáré, Chacha á sì kú. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló fi ń bẹ ẹṣin pé "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Nígbà tí wọ́n dójú ọ̀nà, àwọn oníṣẹ́ ìlera gbé Chacha. Ọkùnrin oko kan wá gba ìjánu, ṣùgbọ́n ọwọ́ Wùmí kọ̀, kò ṣí. Wọ́n fi sùúrù tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yà sí ẹ̀bá igi, ó bì.

Àrùn ọkàn ló kọlu Chacha, wọ́n sì tètè rí i tọ́jú. Nígbà tí èmi àti Wùmí lọ kí i ní ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni, "Marjan ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kán?"

"Ẹsẹ̀ tèmi ló kán, Chacha," Wùmí fèsì, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n wé ní báńdéèjì sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá bá wa wí.

Madam Rima fẹ́ kọ́ ọ ní wíwa kẹ̀kẹ́. Ó kọ̀, ó padà sídìí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè é síwájú, wọ́n ní kó dúpẹ́ pé Olúwa ti mú ẹ̀mí ìbẹ̀rù kúrò lára rẹ̀. Ó gba gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí Chacha. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò o. Ó ṣì ń bà mí." Àwọn kan ṣe "àmín" láìmọ ohun tó sọ, ó sì rọra tiro padà wá jókòó tì mí.